ÀÁRÓ IṢẸ́: ẸNI TÍ YÓÒ MÁA BI ONÍṢẸ́ ARA-ẸNI LÉÈRÈ

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí iṣẹ́ òòjọ́, pàápàá jù lọ iṣẹ́ àwọn tí kò ní ọ̀gá lórí.

Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ bá gba ìdáǹdè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òbí a gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ a péjọ, wọn a ṣe àdúà, wọn a fi ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, wọn a sì ya àwòrán. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí: kò sí ẹni tí yóò tún yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò mọ́. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ni ó ń tú ojú rírán tí kò gún, ọ̀gá ni ó ń ní kí ó tún un rán, ọ̀gá náà ni ó ń bi í léèrè ìdí tí ó fi pẹ́ dé. Ọmọ náà rò pé ìyà ni. Nísinsìnyí ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Bí ojú rírán bá wọ́, òun nìkan ni yóò rí i, bí ó bá tilẹ̀ rí i.

Aránṣọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ayàwòrán, mẹkáníìkì, ẹni tí ń túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí òmíràn, àti ẹni tí ń tún iná mànàmáná ṣe. Ó kan àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọ́n kàwé jáde, tí wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá wọn ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ojú wọn kò tíì kan ara wọn rí. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù, nítorí aránṣọ ṣì ń rí aránṣọ mìíràn ní òpópónà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lè lo oṣù mẹ́fà láìrí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé oníbàárà ni ọ̀gá, òun ni yóò sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí iṣẹ́ kò tẹ́ lọ́rùn kì í sábà bá oníṣẹ́ jà. Yóò gba aṣọ rẹ̀, yóò san èyí tí ó kù nínú owó, yóò dúpẹ́, kò sì ní padà wá mọ́. Oníṣẹ́ yóò máa wí pé ọjà kò tà, pé ìlú le, kò sì ní mọ̀ pé kọ́là aṣọ ni ó lé e lọ. Ní ti àwọn tí ń gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni pé oníbàárà wọn máa ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ wọn ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ ti parí ni ìràwọ̀ ń dé, gbogbo ayé ni yóò sì rí i. Ìdájọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Yorùbá ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Imaamu Al-Ghazali, ẹni tí ó kú ní ìlú Tus ní ọdún 1111, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Ihya. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn lè gbà mọ àbùkù ara rẹ̀. Èkíní ni kí ó jókòó síwájú olùkọ́ tí ó mọ àìsàn ọkàn. Èkejì ni kí ó wá ọ̀rẹ́ olóòótọ́ kan, kí ó fi í ṣe olùṣọ́ lórí ara rẹ̀, kí ẹni náà máa wo ìṣe rẹ̀, kí ó sì máa pe àkíyèsí rẹ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹ̀kẹta ni kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀tá rẹ̀, nítorí ojú ọ̀tá kì í fo àbùkù. Ẹ̀kẹrin ni kí ó máa bá àwọn ènìyàn gbé, kí ó sì máa fi àléébù tí ó bá rí lára wọn yẹ ara rẹ̀ wò.

Bí a bá gbé e lé orí iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá tí ó kọ́ni níṣẹ́ ni ọ̀nà kìíní, òun sì ni ìdáǹdè mú kúrò. Ọ̀nà kẹta kò wọ́n rárá. Ẹni tí ń jowú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ kò ní ṣàì sọ pé a-dá-aṣọ-pẹ́ ni onítọ̀hún. Ó dùn láti bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ọ̀nà kejì, èyí tí í ṣe ọ̀rẹ́ olóòótọ́, ni ohun tí à ń wá lónìí. Al-Ghazali fúnra rẹ̀ kédàárò pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n ní ìgbà tirẹ̀, pé èyí tí ó pọ̀ ni ẹlẹ́tàn tí ń fi àbùkù ẹni pamọ́ fúnni, tàbí onílara tí ń sọ ohun tí kì í ṣe àbùkù di àbùkù.

Ìwé yìí kan náà ni ó sọ ìtàn Umar ọmọ Khattab àti Salman ará Páṣíà. Umar bi Salman léèrè ohun tí ó gbọ́ nípa òun tí kò dára létí rẹ̀. Salman bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá òun sí, Umar kò gbà. Nígbà tí ó yá, Salman ní òun gbọ́ pé Umar ń jẹ ọbẹ̀ oríṣi méjì pọ̀ lórí oúnjẹ kan, àti pé ó ní ẹ̀wù méjì, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. Umar bi í bóyá ó tún gbọ́ òmíràn. Ó ní rárá. Umar sì ní ti méjèèjì yìí ti tán. Ẹ kíyè sí i pé Umar ni ó béèrè. Salman kò lọ bá a nílé láti lọ bá a wí. Ẹ sì kíyè sí i pé Salman kò sọ pé Umar jẹ́ ènìyàn kan báyìí báyìí. Ọbẹ̀ méjì, ẹ̀wù méjì ni ó sọ, ohun tí ènìyàn lè jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Umar yìí kan náà, nígbà ayé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ń gbé ní apá òkè ìlú Madina, ibẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí mọ́sálásí. Oníṣòwò ni, kò lè lọ lójoojúmọ́. Bukhari gbà á wá pé òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan nínú àwọn Ansar ń gbà á fún ara wọn: ẹnìkan a lọ lónìí, ẹnìkejì a lọ lọ́la, ẹni tí ó bá lọ a sì mú ìròyìn ọjọ́ náà bọ̀ fún ẹni tí kò lọ. Àdéhùn àwọn méjì ni èyí jẹ́. Kò sí alága níbẹ̀, kò sí akọ̀wé, kò sì sí àsè. Bí ẹnìkan nínú wọn kò bá lọ ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹnìkejì yóò mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ó jọ èyí nínú iṣẹ́ oko, wọ́n sì fún un ní orúkọ. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí ó pe àwọn ènìyàn jọ láti bá a kọ́lé tàbí láti bá a ṣe oko àna, tí ó sì gbọ́únjẹ sílẹ̀ fún wọn. Bí iṣẹ́ bá ti tán, ó tán. Ṣùgbọ́n àáró yàtọ̀. Ojúgbà ni wọ́n ń jẹ́, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn a ṣe oko ti ẹni yìí lónìí, wọn a ṣe ti ẹni yẹn ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi yípo. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe ti pé iṣẹ́ yá nìkan. Ẹni tí ó bá dúró ti ojúgbà rẹ̀ nínú poro, tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ ebè lọ, kò lè fi ọ̀lẹ pamọ́; ebè rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnìkejì, gbogbo ojú ló ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ pé oko ẹlòmíràn ni, nítorí pé lọ́la, oko tirẹ̀ ni wọn yóò dé. Ohun tí oníṣẹ́ ara-ẹni ń fẹ́ ni àáró, kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á yà díẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé oníṣẹ́ ara-ẹni kan wà níbẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí ó ti ṣe irú àáró yìí sílẹ̀. Benjamin Franklin ni, ẹni tí ayé mọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ẹ̀yà. Atẹ̀wé ni. Wọ́n bí i ní Boston ní ọdún 1706, ọmọ-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó sì sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà ní 1723 lọ sí Philadelphia. Ní 1727, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó kó àwọn ojúgbà rẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n pè ní Junto. Atẹ̀wé wà níbẹ̀, aránbàtà wà níbẹ̀, káfíńtà, ẹni tí ń fi gíláàsì sí fèrèsé, ẹni tí ń da ìwé àdéhùn kọ, àti akọ̀wé oníṣòwò kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Olúkúlùkù ní láti mú ìbéèrè wá. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, olúkúlùkù ní láti kọ àròkọ tirẹ̀ kí ó sì kà á fún àwọn yòókù. Wọ́n tilẹ̀ fi owó ìtanràn díẹ̀ lé ẹni tí ó bá ń takú mọ́ ọ̀rọ̀ tàbí tí ó bá tako ẹlòmíràn ní tààrà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n ju méjìlá lọ.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́ dé. Nígbà tí Franklin àti alájọṣe rẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní 1728, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà, Joseph Breintnall, bá wọn gba iṣẹ́ ìwé ìtàn kan lọ́wọ́ àwọn ìjọ Quaker, ogójì tákàdá ńlá. Franklin pinnu pé òun yóò máa to tákàdá kan lójúmọ́; a sì máa ṣiṣẹ́ di aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà mìíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ojú ewé méjì tí ó ti tò tán dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tú u, ó sì tún un tò kí ó tó lọ sùn. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún níwájú oníbàárà kò ní rọrùn fún láti sùn lórí iṣẹ́ tí ó dàrú. Nígbà tí gbèsè sì fẹ́ wó ilé ìtẹ̀wé náà, méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́, William Coleman àti Robert Grace, ló wá bá a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnìkan kò mọ̀ pé ẹnìkejì wá, tí àwọn méjèèjì ní àwọn yóò yá a lówó. Ó gba ìdajì lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan; wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni jẹ́rìí rẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ òní ni ti ìwé kékeré rẹ̀. Franklin kọ ìwà rere méjìlá sílẹ̀ tí ó fẹ́ fi kọ́ ara rẹ̀. Ó fa ìlà sí ìwé pélébé kan, ojú ewé kan fún ìwà kan, àlàfo méje fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ tí ó bá kùnà, a fi tàdáwà dúdú tọ́ ọ sí i. Ìṣirò ara ẹni gidi ni èyí, ènìyàn sì lè rò pé ó ti tó. Kò tó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ Quaker ni ó sọ fún un pé agbéraga ni àwọn ènìyàn kà á sí, ó sì ka ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó ti hu ìwà náà fún un títí tí ó fi gbà. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, ó di mẹ́tàlá. Ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sí, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ìgbéraga kò sí nínú ìwé Franklin nítorí pé kò mọ̀ pé òun ní in.

Nítorí náà, ta ni ó yẹ kí oníṣẹ́ mú? Kì í ṣe oníbàárà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó tàbí tí òun jẹ lówó, nítorí pé gbèsè kì í jẹ́ kí ẹnu sọ òótọ́. Ọkọ tàbí aya náà kò yẹ fún èyí, bí ó ti wù kí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀ tó. Ìjíhìn iṣẹ́ a máa di ìjà ilé, ẹni tí ó sì ń sè fúnni kò yẹ kí ó tún jẹ́ ẹni tí ń yẹ ojú rírán wò. Ó dára kí arákùnrin mú arákùnrin, kí arábìnrin mú arábìnrin.

Ìdíwọ́ tí ó tóbi jù ni ẹ̀rù pé ẹnìkejì yóò gba oníbàárà ẹni. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀nà tí Junto gbà yọ nínú púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà. Kí aránṣọ obìnrin mú aránṣọ ọkùnrin, kí ẹni tí ń kọ̀wé mú ẹni tí ń to ìwé, kí ẹni tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà mú ẹni tí ń ya àwòrán lórí rẹ̀. Wọn yóò sún mọ́ ara wọn tó láti mọ iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, wọn yóò sì jìnnà sí ara wọn tó láti má ṣe du ìṣù kan. Bí ojúgbà kan náà bá sì ni ènìyàn rí, kí ó jẹ́ ẹni tí ó wà ní àdúgbò tàbí ìlú mìíràn. Fóònù ti sọ ọ̀nà jíjìn di itòsí.

Kí ó má sì ṣe jẹ́ ẹni tí ń tako ohun gbogbo. Thomas Godfrey, ẹni tí ń fi gíláàsì sí fèrèsé nínú Junto, mọ ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n Franklin kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé bá ṣeré, nítorí ó fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn gún régé bí ìṣirò, a sì máa jiyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò láàárín wọn.

Ní ti bí a ó ti ṣe é, kò le rárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, wákàtí kan, ọjọ́ tí kò ní yẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí yóò ṣe kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó pé, kí ó má ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bí ọjọ́ bá pé, ìwé ni a ó kọ́kọ́ kà, kì í ṣe àwáwí. Kí oníṣẹ́ mú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá, kì í ṣe ìròyìn iṣẹ́. Aṣọ ni kí ó gbé kalẹ̀, kí ẹnìkejì yí inú rẹ̀ síta kí ó wo ojú rírán. Ìwé tí ó túmọ̀ ni kí ó mú wá, kí wọ́n jọ ka ojú ewé kan. Ẹni tí ó bá wí lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò mú nǹkan kan wá, iṣẹ́ náà kò lọ.

Ìbéèrè kò ní láti pọ̀. Kí ni o ṣèlérí? Ó dà? Kí ni oníbàárà sọ nígbà tí ó wá gbà á, báwo ni ojú rẹ̀ sì ti rí? Èló ni ó wọlé, èló ni ó jáde? Kí ni o kọ́ tí o kò mọ̀ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá? Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí wọ́n dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà tí kì í sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Bí oníṣẹ́ bá ní iná kò sí, kí ẹnìkejì gbà, nítorí iná lè má sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iná kan náà ni ó jẹ́bi ní ìgbà mẹ́rin, kí ó bi í léèrè ètò tí ó ti ṣe: ṣé yóò máa ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù tí iná ń wà ni, àbí òun àti ẹlòmíràn yóò pawọ́ pọ̀ ra jẹnẹrétọ̀? Iṣẹ́ ẹnìkejì ni láti máà jẹ́ kí òótọ́ kan di àwáwí títí ayé.

Owó tí ẹnìkejì bá mọ̀ pé ó wọlé, gbèsè tí ó mọ̀, oníbàárà tí ó bínú lọ, àmánà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde láti ibẹ̀ dé etí ẹni kẹta ti ba àáró náà jẹ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò tún un ṣe bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ ni ìbáwí: nínú yàrá ni, lójú ara wọn, kì í ṣe níwájú ọmọ-iṣẹ́ tàbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Ohun mìíràn tí ń pa á ni ìyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtara, nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, olúkúlùkù ti ń sọ pé ẹnìkejì ń gbìyànjú, kí òun náà lè gba ìyìn tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé ní ìgbà mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó ta á lára díẹ̀, wọ́n ti di ẹlẹ́tàn fún ara wọn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí wọ́n dá oṣù mẹ́ta fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ara wọn ní ọjọ́ kìíní. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí wọ́n gbé ìwé ọ̀sẹ̀ kìíní àti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní sí ẹ̀gbẹ́ ti ìgbà náà, kí wọ́n wò ó. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí wọ́n dá oṣù mẹ́ta mìíràn. Bí kò bá sí, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n túká láìsí ìjà, kí olúkúlùkù sì ti rí ẹlòmíràn kí oṣù náà tó parí.